Omi Inú Òkúta

Nígbà tí lẹ́tà Felix dé Ìgbàjọ ní oṣù kejì ọdún 1970, ìyá ọkọ mi kò sunkún. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà, mo ń tú u sí Yorùbá bí mo ṣe ń kà á lọ: pé Alfred Láyíwọlá, ọkọ mi, ti kú ní Enugu láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1967; pé ibà ló pa á; pé wọ́n sin ín bó ṣe yẹ; pé Felix dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ogun ti parí. Kò ju ìyẹn lọ. Káfíńtà ni Felix, kì í ṣe akọ̀wé.

Ìyá ní, "Ibà?"

"Ibà ni wọ́n kọ síbẹ̀, mà."

"Ọdún méjì àti oṣù márùn-ún. Ẹni tí mo ń gbààwẹ̀ lé lórí ti wà nínú ilẹ̀."

Ọmọ márùn-ún ni Ìyá bí. Alfred nìkan ló kù fún wọn kí ogun tó dé.

Wọ́n ń wo ìkòkò omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà títí oòrùn fi kúrò lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ìwọ ni wàá lọ. Èmi kò lè lọ. Ìyá kì í fojú kan ibojì ọmọ rẹ̀. Bí o bá dé, má ṣe sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún mi, n kò ní bi ọ́. Bó ṣe kú ni kí o bá mi béèrè. Ṣé ẹnikẹ́ni wà lọ́dọ̀ rẹ̀? Ṣé wọ́n fún un lómi? Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò ju ìyẹn lọ. Tí mo bá ti mọ̀ ọ́n, màá lè jókòó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀."

Mo ní màá lọ.

Kí ogun tó dé, iṣẹ́ Alfred ni láti mọ òkúta. Ọ́fíìsì ìjọba kan ní Enugu ló gbà á síṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ wò: èédú, òjé, irin, amọ̀. Àwọn tó kàwé jù ú lọ ló ń wọ inú igbó lọ wá òkúta náà. Òun ló ń dúró ní yàrá àyẹ̀wò, tó ń lọ̀ ọ́, tó ń sun ún, tó ń kán ásíìdì sí i, tó sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ kọ nọ́ńbà sí i lára. Bí mo bá gbé ìrẹsì síwájú rẹ̀ nílé, á kọ́kọ́ fi ṣíbí tú u wò.

"Mojíbọ́lá, ọ̀kan tó funfun jù nínú wọn yìí kì í ṣe ìrẹsì."

"Ẹ máa jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá Evelyn. Ṣebí òkúta ló ń bọ́ wa."

Idaw River Layout ní Enugu ni à ń gbé. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ìwé ìjọ. Ọmọ kan ni a bí, Evelyn, tó gbọ́ èdè òyìnbó àti pìjin ju Yorùbá lọ, nítorí ibẹ̀ ni a bí i sí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Edith, ọmọ Felix. Káfíńtà ọ́fíìsì Alfred ni Felix, ọmọ bíbí Awkunanaw lẹ́bàá Enugu. Òun ló ń kan àwọn àpótí pẹlẹbẹ tí wọ́n ń to òkúta sí, tí wọ́n pín inú wọn sí ojúlé kéékèèké, òun náà ló sì ń tẹ́ òwú funfun sínú ojúlé kọ̀ọ̀kan kí òkúta má baà fọ́. Bó ṣe ń tẹ́ ẹ kò jọ ti ẹlòmíràn. Á fi àtàńpàkò tẹ àárín rẹ̀ wọlé, á wá yí etí rẹ̀ po bí ìtẹ́ ẹyẹ. Ṣùgbọ́n kò bìkítà nípa ohun tó ń wọ inú ìtẹ́ náà.

Ó máa ń sọ fún Alfred pé, "Ọ̀gá, ìwọ ń bá òkúta sọ̀rọ̀, èmi ń bá igi sọ̀rọ̀. Igi máa ń dáhùn."

Alfred á ní, "Òkúta náà ń dáhùn. Ìwọ lo kò ní sùúrù."

Ní ìparí ọdún 1966, nígbà tí ìlú ti ń gbóná, tí àwọn tó sá bọ̀ láti Òkè Ọya kún gbogbo ilé, òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá Alfred kó ẹrù rẹ̀ láti padà sílé. Kó tó lọ, ó fún Alfred ní òkúta méjì nínú èyí tó jẹ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀kan kò tó èkùrọ́. Ìkejì kò ju hóró jéró kan lọ. Alfred gbé wọn wá sílé nínú ìwé, ó tú u sórí tábìlì ní ọ̀sán, ó sì ní kí èmi àti Evelyn wá wò.

Àwọ̀ ewé ni, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ewé tó rí bẹ́ẹ̀. Bí èèyàn bá gbé ìgò aláwọ̀ ewé sójú oòrùn, tó wá dà bíi pé kò ní ìsàlẹ̀, bó ṣe rí nìyẹn. Igun rẹ̀ mú bíi pé ẹnìkan jókòó gbẹ́ ẹ.

Mo ní, "Simaragidu ni? Èyí tí Bíbélì ní ó wà nínú ìpìlẹ̀ ìlú mímọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ayé ló máa ń rò bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ rí i ní ilẹ̀ ọba Rọ́ṣíà náà rò bẹ́ẹ̀, títí ẹnìkan fi yẹ̀ ẹ́ wò. Simaragidu le ju irin lọ. Èyí rọ̀. Wò ó." Ó yí èyí tó tóbi padà, ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ fà á lẹ́yìn, ó sì fi ìlà kékeré kan sílẹ̀ níbẹ̀. "Tí o bá lù ú, á là sí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Kò ṣeé fi ṣe òrùka. Kò wúlò fún nǹkan kan ju kí èèyàn máa wò ó lọ."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Bàbà. Ohun tó wà nínú yanrìn. Àti omi."

"Omi, nínú òkúta?"

"Omi. Ìyẹn ni mo fẹ́ fi hàn yín."

Ó sọ fún mi pé Kóńgò ni òyìnbó náà ti rí i. Ibi tí bàbà bá wà nínú ilẹ̀, tí omi sì ń yọ́ gba inú yanrìn kọjá fún ọdún tí ẹnikẹ́ni kò lè kà, ibẹ̀ ló ti ń wáyé, bí ilẹ̀ náà bá gbẹ tó. Òjò tó pọ̀ kì í jẹ́ kó dúró. Bí omi kò bá sì sí rárá, kò ní bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ti wá a nínú gbogbo òkúta tí wọ́n ń kó wá láti Ábákálíkì, níbi tí òjé wà pẹ̀lú bàbà díẹ̀, òun kò rí ọ̀kan.

Ó ní, "Ilẹ̀ wa tutù jù fún un." Orúkọ tó pè é ni dáyọ́pítéèsì. Evelyn pè é tẹ̀lé e láìkọsẹ̀. Èmi ni ahọ́n mi lọ́pọ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé, ó mú èmi àti Evelyn lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ó ju hóró kékeré yẹn sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fi ẹ̀mú mú ìgò náà sórí àtùpà sípírítì. A dúró. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, èéfín funfun bo òkè ìgò náà nínú, ó sì kóra jọ di ìkán omi mẹ́ta, mẹ́rin, tó mọ́ bí omijé. Nísàlẹ̀, àwọ̀ ewé náà ń ṣókùnkùn. Nígbà tí Alfred fi pa iná, hóró náà ti dúdú bí èédú.

Evelyn ní, "Daddy, you don kill am."

Alfred kúnlẹ̀ kí ojú wọn lè ṣe déédéé. "N kò pa á. Ọ̀rọ̀ ni mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dá mi lóhùn."

"Give am water back."

"Omi tí iná bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ṣeé dá padà. Bí a bá rì í sínú odò, dúdú ló máa jẹ́."

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Alfred ṣèlérí fún un pé òun kò ní fi iná kan èyí tó kù láéláé. Ó wá agolo kékeré kan tó jẹ́ ti oògùn ọ̀fun, ó gbé e lọ bá Felix pé kó bá òun tẹ́ òwú sí i. Felix tẹ́ ẹ. Kò béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe, Alfred náà kò sì sọ. Kò fi òkúta náà han ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì, kí wọ́n má baà ní ó jí òkúta ìjọba. Láti ọjọ́ náà, inú àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀ ni agolo náà ń gbé.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1967, ó ní kí èmi àti Evelyn ṣáájú lọ sílé. Ọ́fíìsì ń di òkúta àti ìwé ilẹ̀ sínú àpótí, òun nìkan ló sì mọ nọ́ńbà wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní, òun á tẹ̀lé wa. Ní ibùdó ọkọ̀, Evelyn ní kó fún òun ní òkúta náà. Ó ṣí agolo, ó jẹ́ kó wò ó dáadáa, ó sì pa á dé.

"Yóò fọ́ lójú ọ̀nà. Màá gbé e wá fúnra mi."

Felix wà níbẹ̀, òun àti Edith. Òun ló so ẹrù wa mọ́ orí lọ́rì. Ó ń fi Alfred ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun á máa fún un ní ọ̀kpà, mọ́ínmọ́ín ilé wọn, jẹ títí á fi gbàgbé pé òun níyàwó. A rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ méjì náà kò pé tí ọ̀nà fi dí.

Àwọn tó kọ́ mi ní ilé-ìwé ìjọ kọ́ mi pé kí n máa dúró de Ọlọ́run. Mo dúró. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìgbàjọ, mo ń gbọ́ rédíò. A gbọ́ nígbà tí Enugu ṣubú. Kò sí ẹni tó lè sọ fún wa bóyá ọkùnrin kan tó ń kọ nọ́ńbà sára òkúta wà láàyè.

Lẹ́yìn tí lẹ́tà náà dé, mo gba ọ̀nà Ìlẹ̀ṣà, mo gba Benin, mo dé Asaba. Afárá Odò Ọya ti já sínú omi, irin rẹ̀ ń yọrí bí egungun ẹja. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé wa sọdá. Láti Onitsha dé Enugu, àwọn èèyàn ń rìn létí ọ̀nà, wọ́n ń ru ibùsùn, wọ́n ń ru ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ wọn kò ju igi gbígbẹ lọ. N kò lè wò wọ́n lójú. Mo yó ní òwúrọ̀ náà kí n tó wọ ọkọ̀.

Mo kọ́kọ́ lọ wo ilé wa. Kò ní òrùlé mọ́. Koríko ti hù nínú yàrá tí Evelyn ń sùn. Mo dúró síbẹ̀ díẹ̀, mo sì wọ ọkọ̀ lọ sí Awkunanaw.

Felix ló jáde sí mi. N kò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Irun rẹ̀ ti funfun tán, ẹ̀wù rẹ̀ sì dà bíi pé ara igi ni wọ́n gbé e kọ́ sí. Ọwọ́ òsì ló nà sí mi.

"Mama Evelyn."

"Bàbá Edith."

Nígbà tí mo pè é bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ lọ sílẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń retí kí ọmọ náà sáré jáde. Ó ní kí n má wò. Ó ní nínú igbó ni, lọ́dún tó kọjá, ebi ni. Ikùn rẹ̀ kọ́kọ́ wú, irun rẹ̀ pọ́n, lẹ́yìn náà ó sùn. Pìjin la fi ń sọ̀rọ̀, bí a ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rántí ọ̀rọ̀ tí mo fi kí i kú àdánù. A jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó kù, kálukú létí kan.

Nígbà tó pẹ́, mo sọ ohun tí Ìyá rán mi.

Felix sọ ọ́ fún mi. Ibà ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni. Nínú ilé yìí ni, lórí ibùsùn òun. Kò jẹ̀rora púpọ̀. Òun di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ó fi lọ.

Olùkọ́ ni mí. Mo mọ bí ọmọ ṣe ń dún nígbà tó bá ń ka ohun tó há sórí, tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ògiri. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ gbé e lọ fún Ìyá bó ṣe wà yẹn.

Mo ní, "Ṣé ẹ fún un lómi?"

Ó ní, "Mo lọ pọn omi fún un."

Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n dúró. Ó wọ yàrá lọ, ó gbé nǹkan kan jáde nínú aṣọ, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Agolo oògùn ọ̀fun náà ni. Kò ní ọ̀dà lára mọ́, ẹnìkan ti fi yanrìn bó o títí ó fi ń dán.

"Ó wà lára rẹ̀. Mo mọ̀ pé òkúta ni. Mo tọ́jú rẹ̀ fún yín. Nígbà tí a ń sá, n kò mú àwo, n kò mú aṣọ. Mo mú un."

Mo ṣí i.

Òwú inú rẹ̀ funfun bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Wọ́n fi àtàńpàkò tẹ àárín rẹ̀ wọlé, wọ́n yí etí rẹ̀ po bí ìtẹ́ ẹyẹ. Òkúta tó wà láàárín rẹ̀ dúdú.

Mo rò pé kì í ṣe òun ni. Mo rò pé ẹnìkan ti mú ti Alfred, ó sì fi èédú Enugu rọ́pò rẹ̀. Mo gbé e sókè, mo yí i padà. Igun rẹ̀ ṣì mú. Ìlà ọ̀bẹ kékeré yẹn wà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí Alfred fà á sí lójú mi.

Mo ní, "Òwú yìí tuntun."

"Èyí tó wà níbẹ̀ ti bàjẹ́. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ bá a dáadáa."

"Bàbá Edith, ṣé ẹ rí òkúta yìí rí kí Alfred tó kú?"

"Rárá. Kò fi hàn mí."

"Àwọ̀ ewé ni."

Ó wo òkúta náà, ó wò mí. "Dúdú ni mo bá a."

"Àwọ̀ ewé ni, bí ewé tí oòrùn ń tàn sí. Ìpẹtà kì í sọ ọ́ di dúdú. Ilẹ̀ kì í sọ ọ́ di dúdú, ọjọ́ pípẹ́ kì í sọ ọ́ di dúdú. Alfred fi hàn èmi àti Evelyn. Iná nìkan ni."

Aládùúgbò kan ń gún nǹkan lẹ́yìn ilé, a ń gbọ́ odó náà, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà Felix na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ti ń fi pamọ́ sí mi. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń dán bí awọ tí wọ́n nà, ìka méjì ti lẹ̀ mọ́ ara wọn.

Ó ní, "Igi nìkan ni mo mọ̀. N kò mọ̀ pé òkúta lè sọ̀rọ̀."

Ó sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà, kò sì wo ògiri mọ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí ogun yí padà, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé gbogbo Yorùbá tó kù nílùú jẹ́ sàbó, ìyẹn ọ̀dàlẹ̀ tó ń ṣamí fún ọ̀tá. Àwọn ọ̀dọ́ kan lọ sí Idaw River Layout, wọ́n ń béèrè Alfred. Felix ló gbé e wá sí Awkunanaw, ó fi í pamọ́ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń gbẹ́ igi lẹ́yìn ilé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà níbẹ̀. Ó ń sùn lórí èérún igi, ó ń kọ nọ́ńbà sára àwọn pákó Felix kí ọwọ́ rẹ̀ má baà dilẹ̀. Alfred fúnra rẹ̀ ló ní kí Felix máa fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn náà láti ìta, kí ẹni tó bá wá lè rò pé kò sí èèyàn nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ náà wá lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n rí àgádágodo, wọ́n lọ.

"Ó gba ọgbọ́n," Felix ní. "Ọgbọ́n tó dára ni."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Alfred ti inú pákó sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Felix gbé garawa, ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ sódò. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú kan kọjá, tó ju bọ́ǹbù sílẹ̀. Ó sáré padà pẹ̀lú garawa lórí, kò mọ ìdí tí òun kò fi jù ú nù. Ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun àga wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà, àti gbogbo èérún igi yẹn.

"Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Mo di àgádágodo náà mú, ó ti gbóná, n kò jù ú sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kọ̀, kò wọlé. Mo da omi náà sí ilẹ̀kùn. Garawa kan ni, Mama Evelyn. Garawa kan ṣoṣo."

Mo ní, "Ṣé ó pè yín?"

"Ó pè mí. Lẹ́yìn náà kò pè mí mọ́."

Mo fẹ́ bínú sí i. Mo wá ìbínú náà kiri nínú ara mi bí èèyàn ṣe ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì, mo rí oríṣiríṣi nǹkan níbẹ̀, n kò rí ìbínú. N kò sì lè sọ fún un pé mo dárí jì í. Èwo ni mo fẹ́ dárí rẹ̀ jì? Pé ó gbé ọkọ mi pamọ́ nígbà tí àwọn ará ìlú rẹ̀ lè pa òun náà nítorí rẹ̀? Mo mú ọwọ́ tó jóná náà, mo dì í mú lórí itan mi. Ó gbóná.

Ó mú mi lọ síbi tí wọ́n sin ín sí. N kò ní kọ ibẹ̀, nítorí Ìyá. Àgbélébùú igi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ dáadáa, wọ́n sì gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sí i, Alfred Layiwola, kò sí lẹ́tà kan tó ṣìnà. Lábẹ́ orúkọ náà, Felix ti gbẹ́ nọ́ńbà kan. Ó ní orí pákó kan tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù náà ni òun ti rí i, nọ́ńbà tí Alfred kọ gbẹ̀yìn, òun kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, òun kàn rò pé ó yẹ kó wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo ń lọ, ó sìn mí dé ojú títì. Ó ní, "Kí lẹ máa sọ fún ìyá rẹ̀?"

"N kò tíì mọ̀."

"Ẹ sọ èyí tó bá wù yín. Èyíkéyìí tí ẹ bá sọ, màá jẹ́rìí sí i."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò lójú ọ̀nà, n kò sì mọ̀ títí mo fi wọlé. Ìyá wà lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, ibi tí mo fi wọ́n sí. Evelyn jókòó tì wọ́n. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bíi ti bàbá rẹ̀.

Ìyá kò kí mi káàbọ̀. "Bó ṣe kú ńkọ́?"

Mo kúnlẹ̀. "Ibà ni, mà. Ọjọ́ mẹ́ta ni. Lórí ibùsùn Felix."

"Ṣé ẹnìkan wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

"Felix wà níbẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú."

"Ṣé wọ́n fún un lómi?"

"Felix lọ pọn omi fún un, mà. Ó ru ú wá láti odò."

Wọ́n ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Ojú wọn ń wo ojú mi bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn. Mo yára mú agolo náà jáde, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n lè rí nǹkan mìíràn wò. Wọ́n ṣí i. Wọ́n fi ìka kan kan òkúta náà.

"Èyí tó ń tọ́jú láyà ẹ̀wù rẹ̀ nìyí?"

"Òun ni, mà."

Evelyn na ọrùn, ó wò ó. Ó ní, "Mọ́mì, no be dis one. Daddy own green."

N kò lè yí ojú mi sí i. Mo gbọ́ nígbà tó mí sínú. Nígbà tí mo fi wò ó, kò wo òkúta náà mọ́, èmi ló ń wò, mo sì rí i pé ó ti rántí ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ náà, àti àtùpà, àti ìkán omi mẹ́rin yẹn.

Ìyá kò gbọ́ pìjin. "Kí ni ọmọ yìí sọ?"

Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, Evelyn ti fi Yorùbá rẹ̀ tó ń kọsẹ̀ dá wọn lóhùn. "Mo ní òun ni, Ìyá. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn."

Ìyá yí etí òwú náà bo òkúta náà, wọ́n pa agolo dé, wọ́n gbé e mọ́ àyà. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, láìpariwo, pẹ̀lú gbogbo ara, bí ẹni tó ti rí àyè jókòó.

Evelyn dìde. Ó lọ síbi ìkòkò omi, ó bu omi sínú ife, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá fún wọn. Kò sí ẹni tó rán an.